Iṣẹ́ ẹnu Zia Mohyeddin

Bí ẹ bá ti wo fíìmù Lawrence of Arabia rí, ẹ ti rí Zia Mohyeddin, òṣèré ọmọ Pakistan, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni. Òun ni Tafas, ará Bedu (àwọn Lárúbáwá tó ń gbé inú aṣálẹ̀), tó ń mú Lawrence, ọmọ ogun òyìnbó yẹn, la aṣálẹ̀ kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà. Orí ràkúnmí ni wọ́n wà, oòrùn ń jó wọn. Tafas jẹ́ kí àlejò rẹ̀ bu omi díẹ̀ sínú ife. Òyìnbó náà wò ó, ó bi í pé òun ńkọ́, ṣé kò ní mu? Tafas ní Bedu ni òun. Ni òyìnbó bá da omi náà padà, ó ní ìgbà tí Tafas bá mu ni òun náà yóò mu. Ẹ wo ojú Tafas níbẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé láti ìgbà náà lọ, ojú mìíràn ló fi ń wo àlejò yìí.

Nígbà tó yá, wọ́n dé ìdí kànga kan. Ohun dúdú kan yọ lọ́ọ̀ọ́kán, nínú ooru tó mú kí ilẹ̀ máa dán bí omi, ó sì ń tóbi sí i díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé. Tafas sáré mú ìbọn ìléwọ́ tí òyìnbó fi ta á lọ́rẹ, àmọ́ ìbọn ẹni tó ń bọ̀ ti dún kó tó lò ó. Tafas ṣubú, ó kú. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó mu omi nínú kànga tí kì í ṣe ti ẹ̀yà tirẹ̀. Omar Sharif, ará Íjíbítì, ló yìnbọn náà, ìran yẹn gan-an ló sì sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká káàkiri àgbáyé.

Ọ̀rọ̀ ìran kànga yìí kì í sú àwọn tó ń kọ̀wé nípa fíìmù. Wọ́n á sọ bí David Lean, olùdarí rẹ̀, ṣe ní sùúrù, wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe ya àwòrán ooru, wọ́n á sọ bí Sharif ṣe wọlé. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹni tó kú síbẹ̀. Ó lo ọgọ́ta ọdún sí i láyé lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde ní oṣù Kejìlá 1962, ohun tó sì fi àwọn ọdún náà ṣe ga lójú mi ju ohunkóhun tó ṣe níwájú kámẹ́rà lọ.

Ìlú Lyallpur ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà 1931, ìlú tí wọ́n ń pè ní Faisalabad lónìí, ní ilẹ̀ Punjab. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì wà lórí oyè. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí wọ́n pín Íńdíà, tí wọ́n sì dá Pakistan sílẹ̀, ní 1947. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: onímọ̀ ìṣirò ni bàbá rẹ̀, Khadim Mohyeddin, ó mọ orin tìdítìdí, ó sì tún ń kọ eré orí ìtàgé. Ọmọ tó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ á ti mọ̀ láti kékeré pé ọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n, pé a kì í kàn dà á sílẹ̀ bó ṣe wu ẹnu. Ó kàwé ní Government College ní Lahore, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ lórí rédíò, ó wá forí lé London.

Ọdún 1953 ló wọ RADA, ilé ẹ̀kọ́ eré ṣíṣe tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní 1956. Iṣẹ́ ara ni wọ́n fi ń kọ́ òṣèré níbẹ̀: bí a ṣe ń mí láti ìsàlẹ̀ ikùn, bí a ṣe ń gbé ohùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá láìpariwo, bí a ṣe ń ka ewì láìgbé ìparí ìlà mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ohun èlò tó kó nínú ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló lò títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, fún èdè mìíràn.

Ipa tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde ni ti Dókítà Aziz nínú A Passage to India. E. M. Forster ló kọ ìwé náà ní 1924, Santha Rama Rau, obìnrin ará Íńdíà, ló sọ ọ́ di eré orí ìtàgé. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Oxford, ó sì wọ Comedy Theatre ní àárín gbùngbùn London ní oṣù Kẹrin 1960. Kò kúrò níbẹ̀ títí di oṣù Kejìlá. Dókítà ni Aziz, Mùsùlùmí ni, ọ̀dọ́ ọlọ́yàyà tó fẹ́ràn àlejò débi pé ó ṣètò ìrìn àjò lọ sí ihò àpáta fún àwọn òyìnbó tí kò tíì mọ̀ dénú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bá a. Ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó kan ní ó fẹ́ fipá bá òun lò pọ̀ nínú ihò. Ìlú pín sí méjì. Iwájú adájọ́ ni obìnrin náà ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Wọ́n dá Aziz sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́yàyà tó wọ ihò àpáta yẹn kò jáde mọ́.

Ipa tó le ni. Ní apá àkọ́kọ́, Aziz gbọ́dọ̀ pa èrò ìwòran lẹ́rìn-ín láìjẹ́ kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín. Ní apá ìkẹyìn, ó gbọ́dọ̀ bínú láìsọ ìrora rẹ̀ di ariwo. Ọdún 13 péré sì ni Gẹ̀ẹ́sì tíì kúrò ní Íńdíà nígbà yẹn. Kò sí bí kò ṣe ní í sí àwọn tó jẹ ọ̀gá lọ́hùn-ún rí lára àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, kí ọmọ Punjab kan sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì tó dá ṣáká ju ti ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sọ ohun tí ìjọba wọn ṣe sí ọkàn ènìyàn. Tí mo bá ń ro ìgboyà nínú iṣẹ́ òṣèré, irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ó gbé Aziz dé Broadway ní New York ní oṣù Kìíní 1962, ó sì tún ṣe é fún tẹlifíṣọ̀n BBC ní 1965, Waris Hussein ló darí ìyẹn. Nígbà tí David Lean wá sọ ìwé náà di fíìmù ní 1984, Victor Banerjee ló gba ipa náà. Zia ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ọ̀dọ́ sì ni Aziz, mi ò rí ìjà níbẹ̀. Ti BBC yẹn nìkan ló wà fún àwa tí a kò sí ní London ní 1960, mo sì dúpẹ́ pé ó wà.

Sinimá òyìnbó kò fún un ní ohun tó tó ìyẹn láé. Wọ́n fi í ṣe ará Lárúbáwá, wọ́n fi í ṣe ará Síríà, wọ́n fi í ṣe ará Sudan. Nínú Khartoum, tó jáde ní 1966, òun ni Zobeir Pasha, ipa kékeré. Ta ló ṣe Mahdi, aṣáájú ẹ̀sìn ilẹ̀ Sudan tí gbogbo ìtàn dá lé? Laurence Olivier, tí wọ́n kun ojú rẹ̀ dúdú. Bó ṣe rí nígbà náà nìyẹn: tí ipa bá ti tóbi, òyìnbó ni yóò kun ojú ṣe é, tó bá kéré ni wọ́n ń wá ẹni tí Ọlọ́run ti kun tirẹ̀. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí ni.

Fíìmù kan wà láàárín àwọn wọ̀nyí tó kan àwa Yorùbá díẹ̀. Sammy Going South ni, ti 1963, Alexander Mackendrick ló darí rẹ̀. Bọ́ǹbù pa àwọn òbí ọmọkùnrin òyìnbó kan ní Port Said ní ilẹ̀ Íjíbítì lásìkò ìjà Suez ní 1956, ọmọ náà sì dá rìn gba gbogbo Áfíríkà kọjá lọ bá àǹtí rẹ̀ ní Durban. Zia ni oníṣòwò ará Síríà tó kọ́kọ́ mú un dání, pẹ̀lú ìrètí pé òun á rí owó gbà lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀. Òkúta tó wà nínú iná bú mọ́ ọn lójú, ó fọ́ ọ lójú, inú aṣálẹ̀ ló sì kú sí. Lẹ́yìn ìgbà tí ó ti kú nínú ìtàn ni ọmọ náà wá pàdé ọdẹ àgbà kan, àti ẹnìkejì ọdẹ yẹn, Abu Lubaba. Orlando Martins tiwa ló ṣe Abu Lubaba, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1899, tó ti ń ṣe fíìmù nílùú Gẹ̀ẹ́sì láti àwọn ọdún 1930. Ìtàn náà kò mú wọn pàdé lójú wa. Síbẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí àkọsílẹ̀ kan náà, ọmọ Lyallpur àti ọmọ Èkó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé ọmọ òyìnbó kọjá apá kan ìrìn àjò rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló sì padà sílé.

Ní 1969 ni eré tó sọ Zia di ẹni ilé gbogbo ní Pakistan bẹ̀rẹ̀: Zia Mohyeddin Show. PTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba, kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ, òun nìkan ló sì wà, àwòrán dúdú àti funfun. Zia a jókòó pẹ̀lú akéwì, olórin àti òṣèré sinimá níwájú èrò, wọ́n á fọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀, wọ́n á kọrin. Irú rẹ̀ kò tíì sí níbẹ̀ rí, gbogbo ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ wá àlejò lẹ́nu wò lórí tẹlifíṣọ̀n Pakistan lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀. Ó dé 1973. Láàárín kan náà ni ogun 1971 ya orílẹ̀-èdè náà sí méjì, tí apá ìlà oòrùn di Bangladesh. Ó ṣe olú òṣèré nínú fíìmù kan ní Urdu, èdè orílẹ̀-èdè Pakistan, Mujrim Kaun, ní 1971, ṣùgbọ́n sinimá Lahore kò di ilé fún un. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ni ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n sọ, sinimá ìgbà náà sì fẹ́ ariwo.

Láti 1973 ni ó jẹ́ olùdarí ẹgbẹ́ iṣẹ́ ọnà tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú PIA dá sílẹ̀. Ní oṣù Keje 1977, Ọ̀gágun Zia-ul-Haq gba ìjọba. Ìjọba rẹ̀ kò fẹ́ràn ijó rárá, pàápàá kí obìnrin máa jó ní gbangba, bẹ́ẹ̀ oníjó kathak (ijó àbáláyé ilẹ̀ Íńdíà) tó lórúkọ jù lọ ní Pakistan, Naheed Siddiqui, ni ìyàwó Zia nígbà náà. Àwọn méjèèjì kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Naheed ń kọ́ àwọn ènìyàn ní kathak ní Birmingham, Zia ń ṣe ètò Here and Now fún tẹlifíṣọ̀n ìlú kan náà ní gbogbo àwọn ọdún 1980, ètò tó ń sọ ìròyìn àti àṣà àwọn ará Éṣíà àti àwọn àjèjì mìíràn tó fi ibẹ̀ ṣe ilé. Lára iṣẹ́ tó ṣe nígbà yẹn ni Mohammed Ali Kasim nínú eré tẹlifíṣọ̀n The Jewel in the Crown ti 1984, olóṣèlú àgbà tí Gẹ̀ẹ́sì tì mọ́lé tí kò sì yẹsẹ̀ lórí ohun tó gbàgbọ́. Ẹ wá a wò.

Ìwé kíkà ni mo ti ń sáré bọ̀ wá sọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ọdún bá ti ń parí lọ, Zia a lọ sí Lahore, àwọn ènìyàn á kún gbọ̀ngàn, òun á dúró pẹ̀lú awò lójú àti ìwé lọ́wọ́, á sì kàwé fún wọn ní Urdu. Kì í ṣe eré. Kì í ṣe ìwàásù. Ìwé ni. Ó ka lẹ́tà tí Ghalib, akéwì Delhi tó kú ní 1869, kọ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ka ewì Faiz Ahmed Faiz, tí ìjọba Pakistan sọ sẹ́wọ̀n ní 1951 tó sì ń kọ ewì láti inú ẹ̀wọ̀n. Ó ka àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀rín Mushtaq Ahmad Yusufi. Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì àti síídì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti wà lórí YouTube báyìí.

Èmi kò gbọ́ Urdu. Mo máa ń gbé ìtumọ̀ síwájú mi, mo sì máa ń jẹ́ kí Zia máa kà á. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kò kánjú. Nínú lẹ́tà Ghalib, á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kọjá ògiri, wẹ́rẹ́. Tó bá dé ibi tí Ghalib ti ń ráhùn nípa àìlówó lọ́wọ́ tàbí nípa bí Delhi ṣe dahoro lẹ́yìn ìjà 1857, nígbà tí àwọn ará Íńdíà ṣọ̀tẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kì í sọ ohùn rẹ̀ di ẹkún. Á kàn dúró. Ìdúró yẹn á gùn ju bí ẹ ṣe retí lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ó sì mọ̀ pé arúgbó kan ń wo ìlú rẹ̀. Tí ó bá wá ń bọ̀ láti inú ìdúró náà, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e á fúyẹ́, bí ẹni tó ti fọwọ́ nu ojú tán. Fún Yusufi, ojú rẹ̀ kì í yí padà rárá. Gbọ̀ngàn á bú sẹ́rìn-ín, òun á máa wo ìwé, á dúró kí ẹ̀rín tán, á tún ju òmíràn sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ka ìwé òfin.

Fún Faiz, ìparí ìlà ni kí ẹ máa tẹ́tí sí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ka ewì máa ń já ìparí ìlà sílẹ̀, nítorí èémí ti tán tàbí nítorí wọ́n ti ń ronú ìlà tó kàn. Zia kì í já a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn dé etí yín ní odidi, ó sì tún ní àyè tirẹ̀ lẹ́yìn tó dé. Ẹ̀kọ́ RADA nìyẹn, ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi Shakespeare kọ́ ọ, tó sì gbé wá fún àwọn akéwì ilé rẹ̀. Ó lè fi ẹnu yẹn jẹun lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí ayé. Ó sì mọ Gẹ̀ẹ́sì débi pé kò sí ẹni tó lè sọ pé àìmọ̀ ló jẹ́ kó sá sí Urdu.

Ìdí tí èyí fi jẹ́ iṣẹ́ ńlá ni ipò tí Urdu wà. Èdè orílẹ̀-èdè ni, ṣùgbọ́n kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá àwọn ará Pakistan tó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Punjabi, Sindhi, Pashto, Balochi ló wà lẹ́nu wọn láti kékeré, àwọn olówó sì ń rán ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé elédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí Urdu ṣe ń dún nígbà tí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àfi kó wá a lọ. Ọ̀dọ̀ Zia ni wọ́n ń wá a lọ. Ó le lórí pípe ọ̀rọ̀ bó ti yẹ, ó ń sọ ọ́ ní gbangba láìbẹ̀rù, àwọn kan sì rò pé ó le jù. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. A mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá ohun tí àmì ohùn kan tó ṣì í lè ṣe sí odidi gbólóhùn, síbẹ̀ ẹ lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ tàbí ìwúyè, kí ẹ wo bí ọ̀mọ̀wé tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì bí omi ṣe máa ń kọsẹ̀ lórí ìpínrọ̀ Yorùbá kan, tí àwọn èrò á sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ó máa ń dùn mí dé egungun. Ká sọ̀rọ̀ kí ó dùn létí, iṣẹ́ ni, wọ́n ń kọ́ ọ ni, Zia sì fi nǹkan bí ìdajì ayé rẹ̀ hàn pé èdè abínibí náà yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ológun kan ló ba ilé jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ológun mìíràn ló sì pè é wá kọ́ òmíràn. Ní 2005, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Pervez Musharraf, ó dá NAPA sílẹ̀ ní Karachi, ilé ẹ̀kọ́ tíátà àti orin. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Talat Hussain àti Rahat Kazmi, àwọn òṣèré àgbà lórí PTV, wà lára àwọn tó bá a kọ́ni. Ọdún mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, bí wọ́n ṣe ń mí àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́. Hindu Gymkhana ni ìjọba fún wọn, ilé ẹlẹ́wà kan tí àwọn Híńdù Karachi kọ́ ní 1925, kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó sá lọ sí Íńdíà nígbà ìpínyà 1947. Àwọn Híńdù tó ṣẹ́kù sí ìlú náà gba ilé ẹjọ́ lọ láti gba ilé wọn padà. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ NAPA gidigidi, ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀dùn àwọn ènìyàn yẹn kò sí. Ilé wọn ni. Ìjọba tó fẹ́ kí iṣẹ́ ọnà gbèrú lágbára láti wá ibòmíràn fún un.

Ìjọba fún Zia ní àmì ẹ̀yẹ Sitara-i-Imtiaz ní 2003 àti Hilal-i-Imtiaz ní 2012. Kò fi ìyẹn jókòó. Ó kọ ìwé, ó ń kọ́ni, ó ń darí eré, ó ń kàwé. Nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ó darí Romeo and Juliet ní èdè Urdu fún àwọn ọmọ NAPA. Ó kú ní Karachi ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 2023, ẹni ọdún 91. Àwọn tó kọ́ ní NAPA wà lórí tẹlifíṣọ̀n Pakistan báyìí, nínú fíìmù àti lórí ìtàgé, àwọn kan nínú wọn sì ti padà sí Hindu Gymkhana láti máa kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń mí.